Mẹkáníìkì Lẹ́nu Géètì

Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ máa ń rí ìtọ́jú ní Àlímọ́ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí wọ Ìgándò, ẹni tó bá gba inú àdúgbò kọjá lówùúrọ̀ yóò rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó là sókè lẹ́nu géètì, ọkùnrin kan tó tẹ́ páálí tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ọmọṣẹ́ tó ń na sípánà sí i, àti olówó ọkọ̀ tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó káwọ́ gbera tó dúró tì wọ́n. Kò sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù nítòsí. Wọ́kíṣọ́ọ̀pù ló gun ọ̀kadà wá. Inú báàgì kan ló wà.

Ọ̀kadà yẹn gan-an ní ìtàn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní oṣù kẹsàn-án, Àlímọ́ṣọ́ kò sí nínú wọn. Mùṣín wà nínú wọn, Mùṣín sì ni ọjà Ládípọ̀ wà, níbi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ra páàtì. Mẹkáníìkì kan náà lè gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà yín ní Ìdímù, kó sì jẹ́ pé dáńfó àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa kojú tó bá di pé fílítà kan ṣoṣo kù tó gbọ́dọ̀ lọ rà. Bí Sátidé ṣe ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn.

Kí ló ń gbé mẹkáníìkì wá sílé? Èsì tó yá lẹ́nu ni pé kò sáyè. Òótọ́ ni. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Àlímọ́ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iye tí òun kà ju mílíọ̀nù 2 lọ. Èyí tó wù kí ẹ gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ní Àpápá tàbí ní Erékùṣù. Wọ́n á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Sátidé nìkan ló kù fún ọkọ̀, Sátidé yìí kan náà sì ni gbogbo èèyàn ń kó ọkọ̀ lọ to sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyè nìkan kọ́. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe é léèrè dáadáa, wọn á ní àwọn kò fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lè di ọkọ̀ gbogbo ayé: ọmọṣẹ́ á fi lọ ra oúnjẹ, bátìrì tó lágbára á dèrò inú ọkọ̀ míì, epo á lọ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí olówó ọkọ̀ tí kò tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí. Lójú tèmi, torí kí wọ́n lè ṣe é níṣojú wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pe mẹkáníìkì wálé, ju torí àkókò lọ. Ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹni tó dúró ti mẹkáníìkì láti àárọ̀ dọ́sàn-án, tí kò mọ ohun tó yẹ kó wò, ì bá kúkú fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó lọ sùn.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù kí Sátidé tó dé. “Ọkọ̀ mi ń pariwo” kò tó. Ìgbà wo ló ń pariwo? Tó bá tutù ni àbí tó bá ti gbóná, tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni àbí tí ẹ bá kó sí kòtò? Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mẹkáníìkì tó ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ kó tó kúrò nílé mọ ohun tí yóò kó sínú báàgì.

Ẹ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ fún un pẹ̀lú, àmọ́ kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ nìkan. Ní Èkó, Camry ọdún 2007 sí 2011 ni Muscle, Honda Accord ọdún 2003 sí 2007 ni End of Discussion. Orúkọ wọ̀nyẹn dùn ún pè, wọn kò sì tó fún ríra páàtì, nítorí Muscle onísílíńdà 4 àti onísílíńdà 6 kò jọ ń lo fílítà kan náà. Ohun tó dájú ni nọ́ńbà VIN, àmì 17 tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ lè kà láti ìta gba inú gíláàsì iwájú. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Àmì kan ṣoṣo yìí ti tú àṣírí tòkúnbọ̀ tí wọ́n fi ọdún kún ọdún rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ páàtì. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé mẹkáníìkì á kọ lísìtì, ẹ ó fún un lówó, yóò lọ rà á. Ibẹ̀ lèrè rẹ̀ wà ju wọkimaníṣíìpù lọ. Gbogbo wa la mọ̀, a kàn kì í sọ ọ́ síta ni. Mi ò bá a bínú. Ẹni tó fi odidi ọjọ́ kan rìn ní Ládípọ̀ nítorí ọkọ̀ ẹlòmíì yẹ kó jẹ níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé bó bá ṣe pé inú owó páàtì ló ti ń jẹ, páàtì tó rọjú, tó sì lè kú láàárín oṣù díẹ̀, ni yóò mú èrè tó pọ̀ jù wá fún un. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ ní gbangba: ẹ san wọkimaníṣíìpù tó nítumọ̀, tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí kó tó dé, kí ẹ sì ra páàtì fúnra yín. Ará Ìgándò tó bá gba ọ̀nà LASU jáde sí Ìyànà Ìbà lè dé ọjà àwọn ASPAMDA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta páàtì, ní Trade Fair, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, láìfojú kan Òṣòdì rárá. Ẹ mú páàtì àtijọ́ dání tí ẹ bá ń lọ, tàbí fọ́tò rẹ̀. Àtijọ́ yẹn náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ lẹ́yìn iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọ́ìlì ló nílò ìṣọ́ra jù. Àwọn kan ń kó ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, wọ́n ń sẹ́ ẹ títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi mọ́, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ gidi. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ń gbógun ti irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹ ra ọ́ìlì yín ní ilé epo tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ́ìlì náà lára, tàbí lọ́wọ́ aṣojú wọn. Ẹ yẹ èdìdì ọrùn rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá sì ti lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ la gálọ́ọ̀nù náà, nítorí òfìfo gálọ́ọ̀nù tó mọ́ tónítóní ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá kiri.

Irú ọ́ìlì wo? Ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lórí ẹ́ńjìnnì. Lára ọ̀pọ̀ Toyota tó jáde láàárín ogún ọdún sẹ́yìn, 5W-30 tàbí 0W-20 ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa á ní ká da 20W-50 sí i, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti gbó. Àríyànjiyàn yìí kò ní parí láyé. Ohun tí mo rò nìyí: ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì òde òní tín-ín-rín, agbára ọ́ìlì náà sì ni ètò VVT-i ti Toyota fi ń yí àkókò fáàfù padà, ọ́ìlì tó ki jù á pẹ́ kó tó dé òkè láàárọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń jẹ ọ́ìlì tí wọ́n wá fún ní èyí tó ki, wọ́n kàn sún ọjọ́ síwájú ni. Ẹ tẹ̀lé ohun tó wà lórí ìdérí.

Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé jáàkì jáde. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa ló dagẹ̀rẹ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀, jáàkì á sì rì sínú iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí wọ́n da kọnkéré sí, ẹ fa hándíbíréèkì, kí wọ́n fi òkúta há táyà tó wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Mẹkáníìkì tó mọ ohun tó ń ṣe á ní ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé. Tí kò bá gbé e wá, ẹ dá a dúró: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan sábẹ́ ẹ̀ ná.” Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní Ògún ń bẹ lẹ́yìn òun. Kó gbé e síbẹ̀ ná, kó tó máa bá Ògún sọ ìyókù.

Kí wọ́n tó yọ ọ́ìlì àtijọ́, kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná janjan. Kí wọ́n ṣí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n pa á. Ọ́ìlì tó tutù á lẹ̀ mọ́ inú, ìdọ̀tí rẹ̀ kò ní bá a jáde tán. Èyí tó gbóná jù á bó wọn lọ́wọ́. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì á máa ya sínú abọ́, àkókò tí ẹ ó sún mọ́ wọn nìyẹn. Pé ọ́ìlì dúdú kò burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹ̀gbin. Èyí tó funfun, tó ń hó kùṣùkùṣù, ni kó bà yín lẹ́rù, nítorí ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ló ti jó. Bákan náà ni èyí tí èérún irin ń dán nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì, iṣẹ́ ẹnu géètì ti parí, ọkọ̀ ń lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù.

Lẹ́yìn náà ni fílítà. Bí wọ́n bá tú àtijọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀, kí ẹ rí i pé rọ́bà rẹ̀ bá a jáde. Rọ́bà tó bá kù sára ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n wá de fílítà tuntun lé lórí, á di rọ́bà méjì. Ọ́ìlì lè ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á sì dákú. Wọ́n á fi ìka kan ọ́ìlì tuntun, wọ́n á fi pa rọ́bà tuntun, ọwọ́ lásán ni wọ́n á sì fi de e. Ẹni tó fi sípánà fún fílítà pa ń dá ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ iwájú lóró ni, ó sì lè jẹ́ òun náà.

Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà níbí jẹ́ lítà 4. Corolla onílítà 1.8 ti ọdún 2003 sí 2008 kò gbà ju lítà 3.7 lọ, fílítà rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ́ìlì díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù. Mẹkáníìkì tó da gálọ́ọ̀nù náà kanlẹ̀ nítorí pé “owó yín ni” ti dà á jù, ọ́ìlì tó pọ̀ jù sì máa ń hó, á máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Kí wọ́n dà á díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n pa á, kí gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n wá yọ gééjì. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ ka gééjì náà.

Pulọ́ọ̀gì kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tí àwọn kan ń pè ní sáfíìsì ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi sándípépà ha á, kí wọ́n fi epo fọ̀ ọ́. Èyí bójú mu fún pulọ́ọ̀gì àtijọ́. Ẹnu pulọ́ọ̀gì irídíọ̀mù tín-ín-rín, sándípépà ń bà á jẹ́ ni. Tó bá ti gbó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àwọn èèyàn ti mọ̀ pé pulọ́ọ̀gì tó kú ń jẹ epo. Fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku dí á dín agbára ọkọ̀ kù. Eruku ọ̀nà wa kò sì jẹ́ kí fílítà afẹ́fẹ́ pẹ́.

Sikánà ló yí iṣẹ́ yìí padà jù. Gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 gbọ́dọ̀ ní ojúhò OBD-II, oníhò 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ awakọ̀. Nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ti ń wá, ohun èlò tó wọ inú àpò ṣòkòtò lè ka ìdí tí iná ẹ́ńjìnnì fi tàn. Kí ẹ má ṣe tìtorí èyí ra nǹkan lójú ẹsẹ̀. Tí sikánà bá kọ P0171, ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ pé họ́ọ̀sì kan ló là, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ dọ̀tí, tàbí kí epo má wá tó. Sikánà ń sọ ilé tí wọ́n ti ń sunkún; kò sọ ẹni tó kú. Mẹkáníìkì tó ka kóòdù tán, tó sì dárúkọ páàtì tí ẹ máa rà kó tó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì kankan, ẹ ní kó fara balẹ̀.

Tí wọ́n bá tú táyà láti wo pádì, ẹ ní kí wọ́n wo ọ́ìlì bíréèkì náà. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C; tó bá ti fa omi tó bí wọ́n ṣe ń dán an wò, ó lè hó ní 140°C, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn wọlẹ̀ lórí bíréèkì tó ti gbóná. Ìgò rẹ̀ tó ti wà ní ṣíṣí nínú báàgì mẹkáníìkì láti oṣù tó kọjá, ẹ má gbà á. Radiétọ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣí i tó bá gbóná, ẹ má sì fi omi kànga rọ́pò omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún un.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ lẹ́nu géètì rárá, bó ti wù kí mẹkáníìkì náà láyà tó. Títú gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, títú ẹ́ńjìnnì nítorí ríìngì, jíjó irin nítòsí táńkì epo, gbogbo wọn ń fẹ́ àgbékọ́, ibi tí eruku kò sí, àti ọwọ́ tó pọ̀. Alaíńmẹ́ǹtì táyà ń fẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ máa rí ẹni tó máa sọ pé òun á ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ tí òjò bá dé lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì là sílẹ̀, ta ni yóò san owó rẹ̀?

Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ yín ni mẹkáníìkì ti wá bá ọkọ̀, ó tún yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ nílò àṣẹ ẹni tó ni ọgbà, ẹ sì ní láti bá ọlọ́dẹ sọ ọ́ kí wọ́n má bàa dá mẹkáníìkì padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń ba ti ibi iṣẹ́ jẹ́ ni pé olówó ọkọ̀ á wà lókè nínú ọ́fíìsì, ọkọ̀ á wà nísàlẹ̀, kò sì wá yàtọ̀ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù tí wọ́n ń sá fún. Tí ẹ kò bá lè dúró tì í, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì àtijọ́ bá ń ya jáde, kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ka gééjì. Fọ́tò fílítà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun á ràn yín lọ́wọ́ láàárín méjèèjì.

Gbígbé mẹkáníìkì lọ bá ọkọ̀ kì í ṣe àrà Èkó nìkan. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ AA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1905 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kiri ojú ọ̀nà. Lónìí, ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè wọn ló ń gbé àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ síbi tí ọkọ̀ bá dákú sí. Níbí, ilé-iṣẹ́ bíi Mecho Autotech, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2021, gbìyànjú láti fi íntánẹ́ẹ̀tì so olówó ọkọ̀ pọ̀ mọ́ mẹkáníìkì tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Èrò tó dára ni. Àmọ́ ní Àlímọ́ṣọ́, níbi tí àdírẹ́sì lè jẹ́ “ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn transfọ́mà, ẹ bi wọ́n ní Ìyá Aláṣọ”, ẹnu aládùúgbò ṣì ni ọ̀pọ̀ fi ń mọ mẹkáníìkì. Ohun tí mo máa ń ní kí èèyàn béèrè ni pé níbo ni wọ́kíṣọ́ọ̀pù rẹ̀ wà gan-an, àti ẹ̀ka NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, wo ló wà. Mẹkáníìkì tó ní ibùjókòó, tó ní ọ̀gá àti ẹgbẹ́, ní ibi tí wọ́n ti lè rí i mú.

Ọ́ìlì àtijọ́ ńkọ́? Lítà mẹ́ta àbọ̀ ó lé wà nínú abọ́ yẹn, gọ́tà sì wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á síbẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ní ọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba omi mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù kan jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní Àlímọ́ṣọ́ ló ń mu omi kànga àti bọhóòlù, tiyín pẹ̀lú. Ẹ da ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí mẹkáníìkì gbé e lọ bá àwọn tó ń rà á jọ, tàbí kí ẹ fún kápẹ́ńtà tó ń fi kun pákó òrùlé nítorí ikán.

Ìgbà wo ni kó tún padà wá? Ẹ̀gbẹ̀rún máàlì márùn-ún tí ìwé ọkọ̀ kan kọ, ọ̀nà tó ń lọ geere ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn ìwé ọkọ̀ Toyota fúnra wọn ya eruku àti kí ọkọ̀ máa jó lójú kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò líle, tó ń fẹ́ kí wọ́n tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Wákàtí méjì láti Ìyànà Ìpájà dé Ìkòtún lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kìlómítà kò kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo rẹ̀. Kìlómítà 5,000, tàbí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ni mo rò pé ó bá ojú ọ̀nà wa mu. Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sínú ìwé kékeré tó wà nínú ọkọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, kí mẹkáníìkì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ tẹ bíréèkì dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa wo gééjì ooru. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ṣí ọkọ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ti kán sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, kí ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde títí tí yóò fi padà dé. Nítorí ìyẹn, tí ilé yín bá wà ní Ìkòtún, mẹkáníìkì tó ń bọ̀ láti Ìdímù sàn fún yín ju èyí tó mọṣẹ́ jù ú lọ díẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Ajah lọ́hùn-ún ló ń gbé.